Òru ni ìwà ọmọ mi ti ń bàjẹ́

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọdún 16 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, láti ọmọ ọdún mẹ́ta títí dé mẹ́fà, mo sì máa ń fọ́nnu láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé kò sí ọmọ tí apá mi ò ká. Àfi ìgbà tí ọmọ mi kejì pé ọdún mẹ́rin. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ̀ẹ̀mẹta ni olùkọ́ rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ti ọmọ kan ṣubú. Ó ju bàtà lu òmíràn. Wọ́n ní kí gbogbo kíláàsì tò sórí ìlà, òun nà gbalaja sílẹ̀, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Nígbà ìpè kẹta, obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀yin náà mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. Ó ti wúwo ju ohun tí mo lè gbé kúrò nílẹ̀ lọ."

"Wúwo" yẹn ló wọ̀ mí lára. Pé ọmọ mi ń jà, mo lè gbà. Mo ti rí ọmọ tó ń jà rí. Ṣùgbọ́n kí ẹni ẹlẹ́ni mẹ́nu ba bó ṣe tóbi tó, ńṣe ló dà bíi pé ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi wò. Mo ní, "Mo ti gbọ́," mo pa fóònù, mo sì bínú sí i fún odidi ọjọ́ méjì.

Nígbà tí ọmọ yìí wà lọ́mọ ọdún méjì, gbogbo ẹni tó bá gbé e ló ń kí mi kú iṣẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ìlà bíi pé wọ́n fi òwú so ó. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Jọ̀kọ̀tọ̀, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí a sọ ọ́ lọ. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé láti nǹkan bí ọmọ ọdún kan, ńṣe ló yẹ kí ọmọ máa ga, kí ẹran ara rẹ̀ sì máa fà díẹ̀díẹ̀, títí di nǹkan bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, kí ara tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá tètè padà kún kó tó dìgbà yẹn, òun ló sábà máa ń sanra jù nígbà tó bá dàgbà. Tèmi ò tilẹ̀ fà rárá.

Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún márùn-ún kí n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ó tẹ̀wọ̀n kílò 24, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.12. Nọ́ọ̀sì náà sọ gíga yẹn di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, ó fi èyí tó rí pín kílò 24, ó bọ́ sí 19.1. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ díẹ̀, mo mọ̀ pé àgbàlagbà tó bá ní 19.1, opẹ́lẹ́ńgẹ́ là ń pè é. Ni mo bá ní, "Ara rẹ̀ dá nìyẹn." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní a kì í ka ti ọmọdé bẹ́ẹ̀, pé ọjọ́ orí ọmọ, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, la fi ń wò ó, lórí àtẹ tí wọ́n fa ìlà wẹ́wẹ́ sí. Ó fi bírò tọ́ka: láti ìlà 85 sí ibi tí kò tíì dé 95 ni wọ́n ń pè ní ó ti sanra ju bó ṣe yẹ, ẹni tó bá dé 95 tàbí tó kọjá rẹ̀, àsanjù ni. Àmì ọmọ mi wà lókè 95 dáadáa. Bóyá ó rí bí ojú mi ṣe rẹ̀wẹ̀sì ni, ó ní kí n má rò pé èmi nìkan ni. Pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2022, mílíọ̀nù 37 ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ló sanra jù káàkiri ayé. Ká sòótọ́, kò tù mí nínú. Mílíọ̀nù 37 náà ò sùn nílé mi.

Bí mo ṣe ń tibẹ̀ bọ̀ ni mo ti ń gbèrò ogun. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ò le rárá: ó sanra nítorí pé ó ń jẹun jù, ó ń ṣe jàgídíjàgan nítorí pé a kẹ́ ẹ jù. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè mú bísikíìtì, òun ò gbọdọ̀ mú. Mo ń bu oúnjẹ kúrò nínú abọ́ rẹ̀ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òṣùwọ̀n ò yí padà, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn. Wọ́n tún pè mí: ó ti ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yòókù, ó sì gé ọ̀kan jẹ. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bọ́ aṣọ ìrọ̀rí rẹ̀ láti fọ̀ ọ́, bísikíìtì mẹ́ta já bọ́ láti inú rẹ̀, méjì ti rún, ìkẹta ti bu. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Kò sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, mo fi pa mọ́ ni, kó má baà tán."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tí ebi ń pa nínú ilé mi rí, ọmọ ọdún márùn-ún mi sì ti ń to oúnjẹ pa mọ́ bí ẹni tí ìyàn ń bọ̀ wá bá.

Ìgbà tó yá ni mo kà nípa ohun tí àwọn olùwádìí méjì, Jennifer Fisher àti Leann Birch, rí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún 1999. Wọ́n gbé ìpápánu síwájú àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n wá dá wọn lẹ́kun ọ̀kan lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n dá wọn lẹ́kun gan-an ni ojú wọn ò kúrò lára rẹ̀, òun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ni wọ́n ń bèèrè. Kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ti kọ́bọ́ọ̀dù ló sọ bísikíìtì di góòlù.

Ọ̀rọ̀ tó tì mí lójú jù ò sì tíì dé. Èmi tí mo ń ti kọ́bọ́ọ̀dù yìí ni mo kọ́ ọ pé oúnjẹ ni oògùn ìbínú. Mo rántí ọjọ́ kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, tí a wà lórí ìlà gígùn kan. Ó ń fà mí láṣọ, ó ń ké, àwọn èèyàn ti ń bojú wẹ̀yìn. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, mo yọ bísikíìtì, mo fi sí i lẹ́nu. Wẹ́lo, ó dákẹ́. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa tiẹ̀ yìn mí. Láti ọjọ́ yẹn, báàgì mi ò ṣófo mọ́. Ó ṣubú, bísikíìtì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba nǹkan ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀, bísikíìtì. Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, bísikíìtì. Ẹ wo bí nǹkan ṣe wá rí: ọmọ ọdún márùn-ún tí kò mọ ọ̀nà mìíràn tí inú ríru fi ń rọ̀ ju kí ẹnu máa mì lọ. Mo wá gba oúnjẹ kúrò, n kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Kí ló kù tí yóò ṣe bí kò ṣe kó gé èèyàn jẹ?

Gbogbo mọ̀lẹ́bí ló ní ìtumọ̀ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣúgà ló ń gùn ún lórí, pé gbàrà tó bá ti jẹ nǹkan dídùn ni ara rẹ̀ ń ya. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀, mo sì ti fi kìlọ̀ fún òbí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1994 tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà gbogbo. Àwọn ìyá tó ní ṣúgà ń da ọmọkùnrin wọn láàmú ni wọ́n kó jọ, ọmọ ọdún márùn-ún sí méje ni àwọn ọmọ náà. Wọ́n sọ fún àwọn ìyá kan pé àwọn ti fún ọmọ wọn ní ṣúgà rẹpẹtẹ. Irọ́ ni, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ náà tó fẹnu kan ṣúgà. Àwọn ìyá tí wọ́n parọ́ fún yìí ló ní ọmọ àwọn ò jókòó jẹ́ẹ́, àwọn ló ń ṣọ́ ọmọ wọn lọ́wọ́ ṣọ́ ọ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń bá a wí jù. Ṣúgà ń ba eyín jẹ́, ó sì ń di ọ̀rá sára, n kò gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara yíyá yẹn, ojú ìyá ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ojú ìyá, àti ojú olùkọ́. Ibí yìí ni mo ti ní láti dá ara mi lẹ́jọ́. Ọmọ tó sanra sábà máa ń ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nígbà èwe. Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rin dà bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ohun tí gbogbo ayé sì ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwà ọmọ ọdún mẹ́fà. Bó bá sunkún nítorí pé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ká, wọn á ní, "Àgbà bí ìwọ?" Bó bá ti ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà á ṣubú, orúnkún á bó, ọ̀rọ̀ á di ti ọ́fíìsì. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lè ti èèyàn mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, kò ní sí ẹni tó ṣubú, kò sì ní sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo padà ronú sí ìwé tí mo máa ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ sí ní kíláàsì tèmi. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ńlá, ohùn ńlá. Orúkọ rẹ̀ pọ̀ nínú ìwé náà. Mo wá ń bi ara mi pé mélòó nínú rẹ̀ ni ìwà, mélòó sì ni ìwọ̀n ara. N kò lè dáhùn mọ́, ọmọ náà ti lọ.

Àwọn ọmọdé fúnra wọn kì í dáríjì ni. Lọ́dún 1961, Stephen Richardson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ọmọ mẹ́fà han àwọn ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá: ọ̀kan ò ní àléébù, ọ̀kan fi igi rìn, ọ̀kan wà nínú kẹ̀kẹ́, ọ̀kan ò ní ọwọ́ kan, ọ̀kan ní àbùkù lójú, ọ̀kan sanra. Wọ́n ní kí wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ràn wọn sí. Ọmọ tó sanra ló gbẹ̀yìn. Àwọn mìíràn tún un ṣe, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2003. Ẹ̀yìn náà ló ṣì wà, ó tiẹ̀ burú sí i. Àwọn yẹn ti dàgbà díẹ̀, àmọ́ mo ń rí i lára àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń yan ẹni tí wọ́n fẹ́ bá ṣeré, ẹni tó sanra ló ń kù. Ọmọ tó ń kù lójoojúmọ́, ohun méjì ló kù fún un: kó máa dá jókòó, tàbí kó fi agbára wọlé. Tèmi ń fi agbára wọlé.

Lọ́jọ́ kan mo lọ mú un nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ tuntun kan bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Ó nà tán, ó ní, "Jọ̀kọ̀tọ̀." Kò fi ṣàwàdà o. Ohun tó mọ̀ pé òun ń jẹ́ nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe àbúrò ọkọ mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yẹn ti tó." Ó kọ́kọ́ bínú, pé ìfẹ́ lòun fi ń pè é. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Títí di ìgbà yìí, ọ̀sán nìkan ni mo ń ṣọ́ ọmọ mi. Ohun tó fọ́ ọ̀rọ̀ náà lójú, èèṣì ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ibà, mo ní kó wá sùn lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, èmi wá lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú yàrá wọn. N kò sùn. Mo ti mọ̀ pé ọmọkùnrin náà ń hanrun, a ti máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá rẹ̀ ló jọ. Ṣùgbọ́n n kò sùn tì í rí láti ìgbà tó ti kúrò lọ́mọ ọwọ́. Ó dá orí sẹ́yìn bíi pé ó ń wo òkè àjà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, òógùn bò ó lọ́rùn bẹ́ẹ̀ ilé ò móoru. Ó hanrun, ó hanrun, ó wá dákẹ́. Mo ní áà, ó ti bọ́ sínú oorun. Àyà rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ ṣùgbọ́n n kò gbọ́ èémí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka á nínú ọkàn mi: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta... Mo ka a dé mẹ́rìnlá kó tó fà á sínú pẹ̀lú ariwo bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú omi, ó ta pọ́n-ún, ó yí ẹ̀gbẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí kan, mo kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Mo ya fídíò rẹ̀ sórí fóònù. Lọ́wọ́ ìdájí ó tọ̀ sílé, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, tí mo sì ti máa ń bá a wí fún un.

Dókítà wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan péré, kò jẹ́ kó parí. Ó ní kí ọmọ la ẹnu. Tọ́ńsìlì rẹ̀ méjèèjì, àwọn ẹran kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀fun, fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn láàárín. Ó ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ tún wà lẹ́yìn ihò imú, tí ó ṣeé ṣe kí òun náà ti wú. Nígbà tí ọmọ bá sùn, iṣan ọ̀fun á dẹ̀, ọ̀nà tó ti fún tẹ́lẹ̀ á sì pa dé. Ọ̀rá tó wà lọ́rùn àti ní inú ń dá kún un. Ọpọlọ ni yóò ta á jí kó má baà kú, kì í ṣe jíjí tí ó mọ̀, ṣùgbọ́n oorun ti já. Wọ́n dá a dúró sùn ní òru ọjọ́ kan, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí àti láyà, wọ́n kà á: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ní wákàtí kan. Lára ọmọdé, bó bá ti ju ẹyọ kan lọ ní wákàtí kan, kò dára mọ́.

Mo ní, "Dókítà, ṣùgbọ́n kì í tòògbé lọ́sàn-án. Ì bá jẹ́ pé ó tiẹ̀ ń tòògbé ni." Ó ní àgbàlagbà ló ń tòògbé. Ọmọdé tí oorun ò tó, ńṣe ló máa ń ta gìjà: kò lè jókòó, kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin, ìbínú rẹ̀ kò jìnnà, nǹkan kékeré á di ẹkún. Ọ̀pọ̀ lára wọn ló máa ń dà bí ọmọ tó ní àìsàn àìlèfọkànsíbìkan. Mo rántí gbogbo ọmọ tí mo ti kọ nípa wọn sínú ìwé pé "ó nílò ìbáwí". Ó tún ṣàlàyé ẹ̀gbẹ́ kejì fún mi: oorun tí kò tó ń jẹ́ kí ohun tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi sọ pé ebi ń pa mí pọ̀ sí i, kí èyí tó ń sọ pé mo ti yó sì dín kù. Ọmọ tí ó ti rẹ̀ kì í sáré, kì í gun nǹkan, ó ń wá ibi tí yóò rọ̀gbọ̀kú sí. Ọ̀rá ń dí oorun, àìsùn ń kó ọ̀rá jọ, ọ̀kan ń ti èkejì. Èmi ti ń bá ìrù jà, orí ejò wà nínú ihò. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ohun aṣaralóore tí wọ́n ń pè ní iron kò tó níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo sísanra yẹn. Wọ́n fún un ní oògùn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n gé tọ́ńsìlì àti ẹran ẹ̀yìn imú náà kúrò. N kò ní fi ìtàn iṣẹ́ abẹ gba àyè. Mo sunkún, ó jẹ áísìkirìmù, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ohun tó tẹ̀lé e. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, olùkọ́ rẹ̀ pè mí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n kí n tó gbé e. Ó ní, "Mà, kò sí nǹkan o. Mo kàn ní kí n sọ fún yín pé ó jókòó gbọ́ ìtàn parí lónìí." Ìtọ̀ orí bẹ́ẹ̀dì dín kù di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó tó dáwọ́ dúró pátápátá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò tíì gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́.

Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, mo ń retí ìyanu. Kílò 26 àti ààbọ̀. Ó ti sanra sí i!

Dókítà ti kìlọ̀ fún mi, n kò kàn gbọ́ ni. Ọmọ tí wọ́n bá gé tọ́ńsìlì fún sábà máa ń sanra sí i lẹ́yìn rẹ̀. Agbára tó ń fi jìjàkadì láti mí lóru ti kù sí i lára, oúnjẹ sì ti ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́. Ní ti ìwà, wọ́n ti rí i nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2013, tí wọ́n ṣe lórí 464 ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà: ìwà àti oorun àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún dára ju ti àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣì máa wò ná. Ẹ sì wá wo ọmọ tèmi. Ìwọ̀n ara lọ sókè, ìwàkuwà lọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rá ló ń bí jàgídíjàgan bí mo ṣe rò, ńṣe ló yẹ kó máa gbé ilé ẹ̀kọ́ ṣubú nígbà náà.

Ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú sísọ pé ọmọ kan ń yọni lẹ́nu nítorí pé ó sanra. Àwọn tó fi iye ọmọ púpọ̀ ṣe ìwádìí náà ò sọ bẹ́ẹ̀ tààrà. Ìwádìí kan tí Julie Lumeng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2003 tilẹ̀ rí i pé nínú àwọn ọmọ tí kò sanra jù níbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ní ìṣòro ìwà ni sísanra jù bá lẹ́yìn ọdún méjì ju àwọn yòókù lọ. Ìwà ló ṣíwájú níbẹ̀. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n tẹ̀ ní 2004 lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Amẹ́ríkà rí ìsopọ̀ náà lára àwọn ọmọbìnrin, kò rí i lára àwọn ọmọkùnrin. Àwọn ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé oògùn tí wọ́n ń lò fún ìwà gan-an ló ń mú wọn sanra. Oògùn risperidone wà lára àwọn tí wọ́n mọ̀ fún ìyẹn. Okùn náà gùn, kò sì gbọgba.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ṣì wà nílẹ̀, mo sì gbé e lọ́nà mìíràn. Mo yọ kọ́kọ́rọ́. Ìpín tí Ellyn Satter, onímọ̀ nípa oúnjẹ ọmọdé, ṣe ni mo mú lò: èmi ni mo máa mọ ohun tí a ó jẹ, ìgbà tí a ó jẹ ẹ́ àti ibi tí a ó ti jẹ ẹ́; òun ni yóò mọ bóyá òun yóò jẹ àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó jẹ bí ẹni tí ó fẹ́ wò bóyá mo ń purọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú abọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó wojú mi, n kò sọ nǹkan kan. Bísikíìtì kúrò nínú báàgì mi. Bó bá bínú, a ó jókòó sílẹ̀, a ó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ara wa bíi pé a ń fẹ́ tíì tó gbóná. Ó máa ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà nínú mẹ́wàá.

Oorun ló gbà mí ní agbára jù. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin yẹ kó sun wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2019, wọn ò sì fẹ́ kí jíjókòó ti ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn kọjá wákàtí kan. Tèmi ti kúrò lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n mo ṣe ìṣirò wákàtí tó ń sùn gan-an, mo rí mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀ ló ń pẹ́ dé, ó sì máa ń fẹ́ bá a ṣeré kó tó sùn. A jà lórí ìyẹn. Ní báyìí, òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣeré, aago mẹ́fà àárọ̀, pẹ̀lú ariwo tí n kò fẹ́, n kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Mo gbìyànjú eré sísá pẹ̀lú, pé ká máa sáré yí ilé ká ní ìrọ̀lẹ́. Ó kórìíra rẹ̀. Mo fi sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ ni kó máa ti nǹkan, kó máa gbé nǹkan. Ló bá di ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kékeré kiri inú ọgbà, àwọn ọmọ yòókù á sì tò sẹ́yìn kó lè ti àwọn náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí àwọn ọmọ tó ń dúró de òun kó yàn wọ́n.

Ó ti pé ọmọ ọdún méje báyìí. Kílò 27, gíga rẹ̀ 1.22. Ó ṣì wà lókè ìlà 85, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sísàlẹ̀ 95. Ó ṣì ń bínú, ó fọ́ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lóru, n kò ní gbọ́ nǹkan kan, àyà mi á já kí n tó rántí pé ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin kan wá sí kíláàsì mi láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọmọ ńlá ni. Lẹ́tà tó bá a wá gùn, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó ní etí àga, ó di báàgì mú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì mọ irú ìjókòó yẹn. Ó ti múra láti gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Mo pa lẹ́tà náà dé, mo ní, "Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Báwo ló ṣe ń sùn?"

Ó wò mí díẹ̀. Ó ní, "Oorun kẹ̀? Ọ̀hún ò ní ìṣòro, Mà. Ó ń hanrun bíi bàbá rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.